Bí Ọjà Tí Ẹ Rà Lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì Bá Pẹ́ Lọ́nà: Ìtọ́sọ́nà fún Ará Ìbàdàn

Ibì kan pàtó ni ẹrù tó pẹ́ máa ń wà. Ó lè ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹni tó tà á, ó lè wà nínú ilé ìkẹ́rùsí l'Ékòó, ó lè wà lẹ́yìn bọ́ọ̀sì tó ti já èrò sílẹ̀ ní Ìwó Road, ó sì lè wà nínú àpótí ọ̀kadà tó gba iwájú ilé yín kọjá láàárọ̀ yìí. Iṣẹ́ méjì ló wà níwájú ẹni tó rà á: kó wádìí ibi tí ẹrù dúró sí àti ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì máa ṣọ́ iye ọjọ́ tó kù tó lè fi béèrè owó rẹ̀ padà. Iṣẹ́ kejì yìí ló máa ń bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n á máa bẹ olùtajà, olùtajà á máa fi òní dónìí, á máa fi ọ̀la dọ́la. Ìgbà tí wọ́n á bá fi gbé ọ̀rọ̀ dé báǹkì, báǹkì á ní àkókò ti kọjá.

Ẹ kọ́kọ́ ka ọjọ́ dáadáa

Ọ̀pọ̀ ẹrù tí wọ́n ń pariwo lé lórí ni kò tíì pẹ́ rárá. Bí áàpù bá kọ ọ́ pé ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta sí márùn-ún, Àbámẹ́ta, Àìkú àti ọjọ́ ìsinmi ìjọba kò sí nínú kíkà, ọjọ́ tí ẹ sanwó kì í sì í sábà sí níbẹ̀. Ẹni tó sanwó ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ kìíní rẹ̀. Ọjọ́ kẹta bọ́ sí Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún bọ́ sí Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e. Bí ìsinmi Iléyá bá wá gba ọjọ́ Ajé àti Ìṣẹ́gun láàárín rẹ̀, ọjọ́ karùn-ún di ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹ tún wo ojú ewé ọjà náà fínnífínní: "Shipped from abroad" máa ń wà níbẹ̀ ní lẹ́tà kéékèèké. Bó bá wà níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ máa kà.

Ọjọ́ tí ẹ sanwó gan-an ni kí ẹ ti ya screenshot ọjọ́ tí wọ́n ṣèlérí. Àwọn áàpù kan máa ń yí ọjọ́ náà padà fúnra wọn bí ẹrù bá ṣe ń falẹ̀. Bí wọ́n bá yí i tán, ẹ ò ní rí ohun tí ẹ máa fi jiyàn. Ẹ kó nǹkan wọ̀nyí jọ sójú kan lórí fóònù yín: nọ́ńbà ọ́dà, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń tọpa ẹrù, rìsíìtì owó, àwòrán ojú ewé ọjà náà pẹ̀lú iye rẹ̀, àti àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù bí ẹ ṣe kọ wọ́n gẹ́lẹ́. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì. Nọ́ńbà fóònù tí dígíìtì kan yí padà nínú rẹ̀ tó láti dá ẹrù dúró sí ilé ìkẹ́rùsí fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ohun tí ojú òpó ìtọpa ń sọ

"Label created" tàbí "Shipment information received": sítíkà nìkan ni wọ́n tíì tẹ̀. Páálí ṣì wà lọ́dọ̀ olùtajà, iléeṣẹ́ agbérù kò tíì fọwọ́ kàn án. Bó bá wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta, olùtajà ni kí ẹ dì mú. Ẹ má fi owó ìpè yín ṣòfò sórí iléeṣẹ́ agbérù, nítorí wọn kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ tí wọ́n máa wá.

"In transit": ó ti gbéra. Ẹ má bẹ̀rù bí kò bá yí padà fún ọjọ́ kan tàbí méjì, torí ìgbà tí wọ́n bá ń kó o sínú ọkọ̀ àti ìgbà tí wọ́n bá ń já a ni wọ́n máa ń yẹ̀ ẹ́ wò sínú kọ̀ǹpútà. Kò sí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lójú ọ̀nà.

"Arrived at facility" tàbí "Arrived at hub", tí orúkọ Ìbàdàn sì wà níwájú rẹ̀: ẹrù yín ti wọ̀lú. Bí ọjọ́ iṣẹ́ méjì bá kọjá tí ráídà kò pè, ẹ pe ọ́fíìsì wọn, kí ẹ bi wọ́n bóyá ẹ lè wá gbé e fúnra yín. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń gbà. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ tí orúkọ orí rẹ̀ bá ti orí ẹrù mu. Bí ẹlòmíì bá máa bá yín gbé e, ẹ fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn ṣáájú.

"Out for delivery": ó wà lọ́wọ́ ráídà lónìí yìí. Ẹ jẹ́ kí fóònù wà nítòsí.

"Delivery failed" àti "Customer unreachable": wọ́n ní àwọn wá, àwọn kò rí yín. Èyí ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù ní Ìbàdàn, ìdí nìyẹn tí a fi máa dúró lórí rẹ̀ nísàlẹ̀.

"Delivered" nígbà tí ẹ kò rí nǹkan kan: kí ẹ tó fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, ẹ bi gétímáànù, onílé, ará ilé, àti ìyá tó ń tajà lẹ́nu géètì. Bí wọn kò bá gbà á, ẹ kọ̀wé sí iléeṣẹ́ agbérù lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí ẹ béèrè ẹ̀rí pé wọ́n já a fún yín: orúkọ ẹni tó gbà á, ìbuwọ́lù rẹ̀, aago, àti àwòrán bí wọ́n bá yà á. Bí ọjọ́ bá ṣe ń gorí ọjọ́ ni ráídà ń gbàgbé ilé tó já a sí.

Àdírẹ́sì Ìbàdàn àti ráídà

Ẹni tó ń to ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí lè má mọ Ìbàdàn rárá. Ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ nìkan ló fi ń mọ ráídà tó máa kó o fún. Bí ẹ bá kọ "Oríta, Ibadan", ẹ ti fi òun àti ráídà sínú òkùnkùn: Oríta Challenge wà, Oríta Mẹ́rin wà, Oríta Aperin wà, Oríta Bàṣọ̀run wà. Bódìjà àtijọ́ àti Bódìjà tuntun kì í ṣe ojú kan. Olúyọ̀lé Estate, Olúyọ̀lé Extension àti ìjọba ìbílẹ̀ Olúyọ̀lé kì í ṣe ibì kan náà. Nọ́ńbà ilé àtijọ́ tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sára ògiri ní àárín ìgboro, irú èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú N6, E7 tàbí SW8, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó bá wà, àmọ́ ẹ má gbára lé e nìkan, torí òpó máàpù orí fóònù kì í sábà mọ̀ ọ́n.

Àdírẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ ní nǹkan mẹ́rin: àdúgbò, bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù, òpópónà, àti ohun tí ojú lè rí. Báyìí ni ẹ lè kọ ọ́:

"Àkóbọ̀, bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù General Gas. Òpópónà (orúkọ rẹ̀), ojúlé 14. Tí ẹ bá wọlé láti títì, ilé kẹrin lọ́wọ́ òsì, géètì dúdú, igi máńgòrò wà nínú ọgbà. Nọ́ńbà kejì: (ti ẹni tó máa ń wà nílé)."

Nọ́ńbà kejì yẹn kì í ṣe àṣejù. Ráídà máa ń pè lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú nọ́ńbà tí ẹ kò mọ̀, ní aago tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ tàbí nínú ìpàdé. Bí fóònù yín bá ń pa ohùn ìpè tí kò mọ̀ lẹ́nu mọ́, tàbí tí Truecaller ń dí wọn, ẹ pa ètò yẹn títí ẹrù máa fi dé. Ẹ máa wo àpótí spam nínú ibi àtẹ̀jíṣẹ́ náà, torí ibẹ̀ ni àtẹ̀jíṣẹ́ wọn máa ń bọ́ sí nígbà míì.

Fún ilé tí kò ní nọ́ńbà, ẹ ṣí Google Maps, ẹ tẹ ojú ibi tí ilé yín wà, kí ẹ dì í mú títí àmì pupa máa fi yọ. Kóòdù kan máa hàn tí àmì + wà láàárín rẹ̀. Plus Code ni wọ́n ń pè é. Ẹ dà á kọ, ẹ fi sí àdírẹ́sì. Lọ́jọ́ tí ráídà bá ń bọ̀, ẹ fi ibi tí ẹ wà ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Live location máa ń gba ìṣẹ́jú 15, wákàtí 1 tàbí wákàtí 8. Wákàtí 1 tó.

Bí ẹ bá rí i pé ráídà pè tí ẹ kò gbé e, ẹ pè é padà kíá. Ọ̀nà tí ẹ bá gbà bá a sọ̀rọ̀ ló máa pinnu bóyá ẹrù á dé lónìí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ pè mí lẹ́ẹ̀kan, ẹ má bínú, n ò gbọ́ ọ. Ibo lẹ wà báyìí?"

"Mo ti kúrò l'Ákóbọ̀, mo ti ń lọ Olódó."

"Ṣé ẹ máa padà gba ibí, àbí kí n pàdé yín n'Ìwó Road? Tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi mí ṣe ẹni àkọ́kọ́ lọ́la, kí ẹ má sì kọ ọ́ pé mo kọ̀ ọ́."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni kí ẹ rí i dájú pé ẹ sọ. Àárọ̀ ni ráídà máa ń to ẹrù sínú àpótí rẹ̀ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé àdúgbò, bó bá ti kọjá àdúgbò yín, owó epo rẹ̀ ni ẹ ń ní kó ná bí ẹ bá ní kó padà. Ṣùgbọ́n bó bá kọ "Customer refused" sórí áàpù, ẹrù máa dojú kọ Èkó padà. "Rescheduled" ni kó kọ. Iye ìgbà díẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn iléeṣẹ́ fi máa ń gbìyànjú kí wọ́n tó dá ẹrù padà, nítorí náà ẹ má fi ìgbà kan ṣòfò. Bó bá jẹ́ pé ibùdó ìgbẹ́rù ni ẹ yàn, iye ọjọ́ tí wọ́n máa fi tọ́jú ẹrù wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́. Ẹ ka á kí ẹ tó sọ pé ẹ máa lọ ní òpin ọ̀sẹ̀.

Bí wọ́n bá kọ "Customer unreachable" tí ẹnikẹ́ni kò sì pè yín, ẹ ya screenshot ìwé ìpè fóònù yín fún ọjọ́ yẹn látàárọ̀ dalẹ́, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ náà pẹ̀lú nọ́ńbà ẹrù. Ẹ̀rí yẹn ló máa jẹ́ kí wọ́n tún un gbé jáde láì gba owó míì.

Kóòdù tí wọ́n fi ránṣẹ́ pé kí ẹ sọ fún ráídà, ẹ má sọ ọ́ lórí fóònù. Ìgbà tí ẹrù bá wà lọ́wọ́ yín ni kí ẹ tó sọ ọ́, torí bó bá ti tẹ̀ ẹ́ sínú áàpù rẹ̀, lójú iléeṣẹ́, ẹ ti gba ẹrù nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó tí ẹ bá máa san lẹ́nu ọ̀nà: àkáǹtì iléeṣẹ́ ni kí ẹ fi sí, ẹ má fi sí ti ráídà fúnra rẹ̀.

Ẹrù tó gba gáréèjì wá

Púpọ̀ nínú ohun tí ará Ìbàdàn ń rà lọ́wọ́ àwọn olùtajà orí Instagram àti WhatsApp l'Ékòó, wébíìlì gáréèjì ló ń gbé e wá. Ó yá, owó rẹ̀ sì ń fúyẹ́. Kò ní ojú òpó tí ẹ máa fi tọpa rẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ ṣètò ìyẹn. Kí bọ́ọ̀sì tó kúrò, ẹ gba nǹkan wọ̀nyí lọ́wọ́ olùtajà: nọ́ńbà fóònù awakọ̀, nọ́ńbà ara ọkọ̀, orúkọ gáréèjì tó ti gbéra, gáréèjì tó máa já a sí, àwòrán rìsíìtì, àti àwòrán páálí tí orúkọ àti nọ́ńbà yín ti hàn lára rẹ̀. Ẹ ní kó fi máákà kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjì, kì í ṣe sórí ìwé tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀, torí ìwé máa ń ya nígbà tí wọ́n bá ń to ẹrù léra. Ẹ tún bi í bóyá ó ti san owó gbígbé tán. Bí kò bá sí ẹ̀rí lọ́wọ́ yín, ẹlòmíì lè tún gba owó náà lọ́wọ́ yín níbí.

"Ìbàdàn" nìkan kò tó fún ibi tí ẹrù ń lọ. Challenge, Ìwó Road, Ojóò, Toll Gate àti New Garage kì í ṣe ojú kan, ọkọ̀ tó ń lọ Ojóò kò sì ní yà sí Challenge nítorí páálí kan. Ẹ yan èyí tó sún mọ́ yín jù, kí olùtajà sì wá ọkọ̀ tó ń lọ síbẹ̀ gan-an.

Nípa àkókò: ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn tó kìlómítà 127, nǹkan bíi wákàtí méjì ni bí kò bá sí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì kì í gbéra títí èrò máa fi kún. Páálí tí wọ́n já ní Berger ní aago méjìlá lè má kúrò níbẹ̀ títí di aago méjì. Afárá Kárà, Ìbàfò àti Mọ́wé ni sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ máa ń wà jù. Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù ni Ìjọ Ìràpadà ń ṣe ìsìn òru wọn ní ibùdó wọn tó wà lójú ọ̀nà yẹn, wọ́n sì ń ṣe àpéjọ ńlá ní oṣù Kẹjọ. Bí ọjà náà kò bá jẹ́ kánjúkánjú, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ wọ̀nyí.

Bí awakọ̀ kò bá gbé ìpè, ó lè jẹ́ pé ó ń wakọ̀ ni. Ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, kí ẹ tún pè lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí fóònù rẹ̀ bá ti kú, olùtajà ni kó pe gáréèjì tó ti gbéra: àwọn tó ń kó èrò níbẹ̀ mọ awakọ̀ náà, wọ́n sì ní nọ́ńbà àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà kan náà. Ẹ̀yin náà, ẹ lọ sí gáréèjì tó yẹ kó já a sí, ẹ wá ọ́fíìsì wébíìlì tàbí ọ̀gá tó ń kọ orúkọ ọkọ̀ sílẹ̀. Nọ́ńbà ara ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ, torí ọkọ̀ ni wọ́n fi ń dá ara wọn mọ̀ níbẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ẹrù kan ni mo wá gbà. Ọkọ̀ tó gbé e ló ní nọ́ńbà yìí, ó kúrò ní Berger ní nǹkan bí aago méjì. Ṣé ó ti já nǹkan sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín?"

Nígbà míì, ọkọ̀ á ti kọjá lọ. Èyí tó gba Ojóò lè ti dé Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìlọrin, èyí tó gba Ìwó Road lè ti dé Ifẹ̀ tàbí Òṣogbo. Ẹ má ní kí awakọ̀ gbé e sọ́wọ́ títí yóò fi padà. Ẹ ní kó fà á lé ọ́fíìsì gáréèjì tó wà lọ́hùn-ún lọ́wọ́, kó fi orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tó gbà á ránṣẹ́, kí wọ́n fi ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó ń bọ̀ n'Ìbàdàn dá a padà. Ẹ máa san owó ìdápadà, àmọ́ ẹrù á wà lábẹ́ orúkọ ẹnì kan. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ má dá lọ sí gáréèjì pẹ̀lú owó lápò. Ẹ ní kí wọ́n tì í mọ́ ọ́fíìsì di àárọ̀.

Ẹrù òkè òkun

Ẹ wo ìrísí nọ́ńbà rẹ̀. Èyí tó ní lẹ́tà méjì, nọ́ńbà mẹ́sàn-án, lẹ́tà méjì, ti póòsì ni: lẹ́tà méjì tó gbẹ̀yìn ni orílẹ̀-èdè tó ti wá, CN fún Ṣáínà, GB fún ìlú Ọba, US fún Amẹ́ríkà. Bó bá dé Nàìjíríà, NIPOST ló máa wà lọ́wọ́ rẹ̀, ilé ìfìwéránṣẹ́ ńlá tó wà ní Dùgbẹ̀ sì ni ará Ìbàdàn yóò ti kọ́kọ́ béèrè. Ẹ tẹ nọ́ńbà náà sórí ìwé, ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1Z, ti UPS ni. DHL Express sábà máa ń ní dígíìtì mẹ́wàá, FedEx méjìlá. Bí nọ́ńbà kò bá ṣí lórí òpó kan, ẹ gbé e lọ sórí 17TRACK, tó ń bá yín wá iléeṣẹ́ tó ni ín.

Ohun tó ń dá wọn dúró kò pọ̀. Bátìrì lithium nínú power bank, lọ́fínńdà àti ohun tó ń fín wà lábẹ́ òfin líle nínú ọkọ̀ òfuurufú, nítorí náà wọ́n lè dúró de ọkọ̀ tó gbà wọ́n tàbí kí wọ́n gba orí omi. Ọdún tuntun àwọn ará Ṣáínà ní oṣù Kìíní tàbí Kejì, àti ìsinmi wọn tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá, máa ń ti ilé iṣẹ́ pa. Títà ńlá ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá àti Black Friday sì máa ń kún ilé ìkẹ́rùsí. Ní ẹnu ibodè, bí iye tí olùtajà kọ sórí CN22 tàbí CN23 (ìwé tí wọ́n fi ń sọ ohun inú páálí fún Kọ́sítọ́ọ̀mù) kò bá jọ ohun tó wà nínú páálí, Kọ́sítọ́ọ̀mù lè dá a dúró. Ẹ fi ìwé owó gidi ránṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá béèrè. VAT ìpín 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún lè wà nínú owó tí wọ́n máa ní kí ẹ san, lẹ́yìn owó ẹnubodè fúnra rẹ̀. Ẹ gba rìsíìtì rẹ̀.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń rà láti Ṣáínà tí aṣojú sì ń bá yín kó o láti Guangzhou: àmì tàbí kóòdù tí aṣojú fún yín gbọ́dọ̀ wà lára páálí. Páálí tí kò ní in kò ní ẹni tó ni ín lójú àwọn tó wà nílé ìkẹ́rùsí yẹn. Ẹ ní kí olùtajà ya àwòrán rẹ̀ kó tó gbé e jáde, kí ẹ fi àwòrán yẹn àti nọ́ńbà ìtọpa inú Ṣáínà ránṣẹ́ sí aṣojú lọ́jọ́ kan náà.

Àtẹ̀jíṣẹ́ tó ní "ẹrù yín wà ní Kọ́sítọ́ọ̀mù, ẹ tẹ ibí kí ẹ san owó díẹ̀", tí líǹkì sì wà nídìí rẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ lọ sórí áàpù tí ẹ ti rà á, kí ẹ wò ó níbẹ̀. Kò sí agbérù tó nílò OTP báǹkì yín.

Ọ̀rọ̀ owó: àkókò tí ẹ ní

Bí ọjọ́ tí wọ́n ṣèlérí bá ti kọjá pẹ̀lú ọjọ́ iṣẹ́ méjì, ẹ kọ lẹ́tà kan sí olùtajà. Inú áàpù ni kí ẹ ti kọ ọ́, torí bí ọ̀rọ̀ bá di ẹjọ́, ohun tó wà nínú áàpù ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wò. Ẹ má bú u:

"Ẹ káàsán. Mo ra (ọjà) lọ́jọ́ (déètì), nọ́ńbà ọ́dà (nọ́ńbà), mo san ₦(iye). Ẹ ṣèlérí pé ó máa dé lọ́jọ́ (déètì), kò tíì dé títí di òní. Láti ọjọ́ (déètì) ni ojú òpó ìtọpa ti dúró sórí (ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀). Láàárín wákàtí 48, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ ọjọ́ tí ẹrù máa dé ọwọ́ mi, tàbí kí ẹ fi ẹ̀rí hàn mí pé ẹ ti dá owó mi padà. Bí n kò bá gbọ́, mo máa fi ẹjọ́ sun áàpù àti báǹkì mi."

Lẹ́yìn wákàtí 48, ẹ ṣe bí ẹ ti wí. Lórí eBay, ẹ ní ọjọ́ 30 lẹ́yìn ọjọ́ tó kẹ́yìn nínú ọjọ́ tí wọ́n ní ẹrù máa dé, olùtajà sì ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta láti fèsì kí ẹ tó pe eBay sí i. Ààbò A-to-z ti Amazon gba ọjọ́ 90 lẹ́yìn ọjọ́ tó yẹ kó dé. PayPal gba ọjọ́ 180 láti ọjọ́ tí ẹ sanwó, àmọ́ bí ẹ bá ti ṣí ẹjọ́, ẹ ní ọjọ́ 20 láti gbé e ga sí claim, ìyẹn ni pé kí PayPal fúnra rẹ̀ dá ẹjọ́ náà. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ó ti paná nìyẹn. Nítorí náà, bí olùtajà bá ń bẹ̀ yín pé kí ẹ fagi lé ẹjọ́ kí òun lè tún un fi ránṣẹ́, ẹ sọ fún un pé ẹjọ́ máa wà níbẹ̀ títí ẹrù á fi dé. Lórí AliExpress, iye ọjọ́ ààbò tó kù wà lójú ewé ọ́dà yín. Ẹ ní kí olùtajà fi kún un bó bá ń béèrè sùúrù, kí ẹ má sì tẹ "Confirm received" láé nígbà tí ẹrù kò tíì dé, torí títẹ̀ yẹn ló ń tú owó sílẹ̀ fún un.

Bó bá jẹ́ pé káàdì ni ẹ fi sanwó tí áàpù kò ràn yín lọ́wọ́, ẹ lọ sí báǹkì tó ni káàdì. "Chargeback" ni kí ẹ sọ, ìyẹn ni pé kí báǹkì bá yín gba owó padà lọ́wọ́ olùtajà, ẹ ní ọjà tí ẹ sanwó rẹ̀ kò dé. Fún Visa àti Mastercard, ọjọ́ 120 ni gbèdéke irú ẹjọ́ yìí sábà máa ń jẹ́, láti ọjọ́ tó yẹ kí ọjà dé. Ṣùgbọ́n báǹkì náà nílò àyè láti kọ ìwé tirẹ̀, nítorí náà ẹ má dúró ju oṣù kan lọ. Ẹ mú àkọsílẹ̀ àkáǹtì tí owó náà ti hàn, screenshot ọjọ́ ìlérí, ọ̀rọ̀ yín pẹ̀lú olùtajà, àti ojú òpó ìtọpa. Ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí wọn kò yanjú rẹ̀, ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Báńkì Àpapọ̀, cpd@cbn.gov.ng, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀sùn yẹn.

Tíránsífà kò ní chargeback. Bí ẹ bá ti rí i pé olùtajà ti dí yín lórí WhatsApp tàbí ó ti pa ojú ewé rẹ̀ rẹ́, wákàtí díẹ̀ ni ẹ ní, kì í ṣe ọjọ́. Ẹ pe ẹ̀ka tó ń gbógun ti jìbìtì ní báǹkì yín lójú ẹsẹ̀, ẹ fún wọn ní Session ID tó wà lórí rìsíìtì, dígíìtì 30 ni, kí ẹ ní kí wọ́n bá báǹkì ẹni tó gbà á sọ̀rọ̀ kí wọ́n lè di owó tó bá ṣì kù níbẹ̀ mú. Ẹ sì lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, torí báǹkì lè béèrè ìwé láti ọ̀dọ̀ wọn. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ ọ́ pé ọjà olówó ńlá lọ́wọ́ olùtajà tí ẹ kò mọ̀, ẹ san án nígbà tí ẹ bá rí i.

Òfin náà wà lẹ́yìn yín. Abala 130 nínú FCCPA, òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 lórí ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà, fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n ṣe iṣẹ́ tí wọ́n gbà fún un lásìkò, kí wọ́n sì tètè sọ fún un bí ìdádúró tí kò ṣeé yẹ̀ bá wà. Àjọ FCCPC ló ń bójú tó o, ẹ lè fi ẹ̀sùn sílẹ̀ lórí fccpc.gov.ng. Bó bá jẹ́ pé iléeṣẹ́ agbérù ló sọ ẹrù nù, NIPOST ní ẹ̀ka tó ń fún wọn níwèé àṣẹ, wọ́n sì ń gba ẹ̀sùn. Nínú lẹ́tà sí olùtajà, ẹ lè dárúkọ abala yìí. Ó máa ń tètè mú àwọn iléeṣẹ́ ńlá dáhùn, torí wọ́n ní agbẹjọ́rò tó mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ní ọjọ́ tó bá dé

Ẹ má buwọ́lu nǹkan kan kí ẹ tó wo páálí yíká. Bí wọ́n bá ti tú u tí wọ́n sì tún fi sẹ́lótéèpù mìíràn dì í, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé ráídà kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹ fi fóònù ya fídíò bí ẹ ṣe ń tú u láti ìgbà tí páálí ṣì wà ní dídì, kí nọ́ńbà ìtọpa hàn, ẹ má dá fídíò dúró títí ohun inú rẹ̀ á fi jáde tán. Bí owó yín bá ti padà kí ẹrù tó dé, ẹ sọ fún ráídà pé kó dá a padà fún olùtajà. Bí ẹ bá sì fẹ́ tọ́jú ọjà náà, ẹ kọ sí olùtajà nínú áàpù, kí ẹ béèrè ọ̀nà tí ẹ máa gbà san owó rẹ̀ padà fún un.